Ká Wọn Ẹ́ńjìnnì Ká Tó San Owó: Bí A Ṣe Lè Fọwọ́ Ara Wa Ṣe Géèjì Kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n Onínọ́ńbà

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí dá lórí ẹ́ńjìnnì, nítorí pé nínú owó tí à ń yá ara wa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ. Onídánfó yá owó láti ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá yá owó láti tún tirẹ̀ ṣe. Ìyá tó ń ta omi tútù àti mínírà ní Ladi-Lak yá owó ra jẹnẹrétọ̀. Àwọn atẹ̀wé wa ní Ṣómólú náà ńkọ́? Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀wé. Bí ẹ́ńjìnnì wá kú lẹ́yìn oṣù méjì, gbèsè rẹ̀ kì í bá a kú. Ẹni tó yá owó kò rí nǹkan san, àwọn onídùúró méjèèjì á wá máa sá fún akápò.

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ tí mẹkáníìkì máa ń sọ: "Kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n ti lọ." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, àmọ́ ó lè kó èrè oṣù mẹ́fà lọ. Báwo ló ṣe mọ̀? Nígbà mìíràn, ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó fi àtàǹpàkò dí ojú ihò rẹ̀, ó ní kí ọmọṣẹ́ ta sítátà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti àtàǹpàkò kúrò, ó ní ó ṣì dáa. Bí kò bá tì í, ó ní ó ti tán. A kò fi àtàǹpàkò ọ̀gá kankan ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọwọ́ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ mọ ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò kò lè sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín 160 àti 115, ibẹ̀ gan-an ni owó sì wà. Sílíńdà tó wà ní 160 yóò bá ọ ṣiṣẹ́. Èyí tó wà ní 115, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní 160, ti ń rọra kú lọ.

Kí ni kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n fúnra rẹ̀? Ẹ mú páńpù kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó rí i pé ó ń ta kò yín, ó sì ń gbóná díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú sílíńdà. Pístìn gòkè, ó fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ sí ojú kékeré kan, púlọ́ọ̀gì wá ta iná sí i. Láti ọdún 1876 tí Nikolaus Otto, ará Jámánì, ti ṣe ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ mẹ́rin tirẹ̀, ọ̀nà náà kò tíì yí padà: ó fà á wọlé, ó fún un pọ̀, ó sun ún, ó tú u jáde. Bí ó bá ń jò nígbà tó ń fún un pọ̀, sísun rẹ̀ kò ní lágbára. Ibi mẹ́ta ló sì sábà máa ń gbà jò: ẹ̀gbẹ́ ríìngì pístìn, ìdí fáàfù, àti gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín bílọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù sílíńdà.

Ohun tó ń jò yìí, owó epo wa ni. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà bẹntiróòlù kan kò tó ₦200 ní ilé epo l'Ékòó. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦900. Nígbà tí epo pọ́ọ́kú, ẹ́ńjìnnì tó ń jẹun jù kò fi bẹ́ẹ̀ dun ni. Nísinsìnyí, ẹni tó ń wa ọkọ̀ láti Ladi-Lak sí Yábàá tàbí sí Oyìngbò látàárọ̀ mọ́jú alẹ́, bí sílíńdà kan bá rọ nínú mẹ́rin, owó tí ì bá gbé wálé ti gba ẹnu ẹgusọ́ọ̀sì jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun èlò náà. Géèjì kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n alábẹ́rẹ́ wà lọ́jà, kì í ṣe ohun tuntun. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni pé bí ẹnì kan bá fẹ́ géèjì kan ṣoṣo fún ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kó lọ ra alábẹ́rẹ́, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdí tí a fi ní ká ṣe onínọ́ńbà ni pé ó ń sọ ohun tí abẹ́rẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Abẹ́rẹ́ á dúró síbi tó ga jù, ojú ènìyàn kì í sì í yá tó láti ka bó ṣe gòkè. Onínọ́ńbà á kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa: fífún àkọ́kọ́ mú èló wá, èkejì mú èló wá, títí dé ìkẹfà. Inú bó ṣe ń gòkè yìí ni àrùn fara pamọ́ sí, a óò dé ibẹ̀ láìpẹ́. Ìdí kejì ni pé àwọn tó ń tún fóònù àti rédíò ṣe wà nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn tọ́nà àti wẹ́dà náà wà. Iṣẹ́ tó wà láàárín wa ni.

A bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì àlòkù ni a ó fi ṣe ẹnu náà, nítorí pé òun ló ti ní ẹyẹ tó bá ihò mu. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ń lo ẹyẹ mílímítà 14, ọ̀pọ̀ alùpùpù sì ń lo 10 tàbí 12. Ẹ má méfò o. Púlọ́ọ̀gì tí ẹ bá yọ lára ẹ́ńjìnnì gan-an ni kí ẹ mú lọ fún tọ́nà. Kí ó gé orí rẹ̀ tí wọ́n ká mọ́ra, kí ó fọ́ tánganran inú rẹ̀, kí ó sì yọ irin kékeré tó tẹ̀ sí ẹnu rẹ̀ kúrò pátápátá. Irin kékeré yìí, bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ó lè já bọ́ sórí pístìn. Tánganran náà ńkọ́? Ẹ fọ inú rẹ̀, kí ẹ sì fi afẹ́fẹ́ fọkanáísà fẹ́ ẹ títí kò fi ní ku ẹyọ kan, nítorí pé yóò ha ara sílíńdà bíi yanrìn. Ohun kan tí a tún gbọ́dọ̀ wò ni gígùn rẹ̀. Ẹnu tí a ṣe kò gbọdọ̀ gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì ju púlọ́ọ̀gì tirẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pístìn tàbí fáàfù lè gbá a.

Lẹ́yìn ẹnu ni fáàfù kékeré, irú èyí tó wà nínú ẹnu táyà, tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé tí kì í jẹ́ kó jáde. Ti géèjì kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n yàtọ̀ sí ti táyà: sípíríǹgì tirẹ̀ rọ̀. Bí ẹ bá fi ti táyà sí i, apá kan nínú agbára afẹ́fẹ́ ni yóò fi ṣí i, nọ́ńbà tí ẹ ó rí yóò sì kéré ju òótọ́ lọ. Ibo ló yẹ ká fi í sí? Ní ẹnu gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò púlọ́ọ̀gì, kì í ṣe ní ìparí họ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń ṣe irú nǹkan yìí nílé kì í kọ ibi sí ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló le jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ papọ̀.

Ká ní sílíńdà mọ́tò kan gba sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta 400, ó sì ń fún un pọ̀ ní ìlọ́po 10. Ojú tó kù lókè pístìn nígbà tó bá gòkè tán jẹ́ bíi 44. Họ́ọ̀sì tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 6, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, gba bíi 8.5. Ká fi ìsopọ̀ rẹ̀ kún un, ká pè é ní 10. Bí fáàfù bá wà ní ìparí họ́ọ̀sì, inú họ́ọ̀sì ti di ara sílíńdà nìyẹn: 44 di 54, ìlọ́po 10 sì di bíi 8.4. Nọ́ńbà yóò wálẹ̀, àmọ́ mọ́tò ṣì lè fara dà á. Ẹ wá wo alùpùpù tí sílíńdà rẹ̀ jẹ́ 100, tó ń fún un ní ìlọ́po 9. Ojú tó kù lókè kò ju 12.5 lọ. Ẹ fi 10 kún un, ó di 22.5, ìlọ́po 9 sì já sí bíi 5.4. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le koko yóò dà bí òkú lójú géèjì yẹn. Ẹni tí kò mọ̀ yóò tú u palẹ̀ láìnídìí, yóò ra ríìngì tuntun, nọ́ńbà kò sì ní yí padà.

Họ́ọ̀sì náà, kí ó jẹ́ irú tí wọ́n ń lò fún háídíróòlíìkì, kì í ṣe rọ́bà fọkanáísà lásán. Ní ìparí rẹ̀, kí ẹ fi irin oníta mẹ́ta sí i: ẹnu kan fún họ́ọ̀sì, ẹnu kejì fún sẹ́ńsọ̀, ẹnu kẹta fún fáàfù táyà gidi tó kọjú síta. Fáàfù tó kọjú síta yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì. Bí a bá wọn sílíńdà kan tán, a ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ láti tú afẹ́fẹ́ jáde. Iṣẹ́ kejì rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Sẹ́ńsọ̀ tí ẹ ó béèrè fún ni ti afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì, tó ń lo fóòtì 5, tó lè wọn láti 0 dé 300 PSI. PSI yìí kan náà ni fọkanáísà ń lò bó bá ní táyà yín wà ní 30. Ẹ lè rí i ní Alábà tàbí ní Òtígbà ní Ìkẹjà. A kò kọ iye owó rẹ̀ síbí, nítorí kí ìwé yìí tó kúrò lọ́wọ́ atẹ̀wé, iye náà lè ti yí padà. Ó ní wáyà mẹ́ta: ọ̀kan gba iná, ọ̀kan jẹ́ ilẹ̀, ẹ̀kẹta ni yóò máa mú ìròyìn wá. Àwọ̀ wáyà yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ kan sí èkejì, nítorí náà ẹ ka ìwé tó bá a wá. Nígbà tí kò bá sí agbára kankan lórí rẹ̀, fóòtì 0.5 ni yóò gbé wá. Bó bá dé 300 PSI, fóòtì 4.5.

Ẹni tí yóò gba ìròyìn náà ni kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Arduino. Ìlú Ivrea ní Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2005, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ẹnjiníà lè máa rí nǹkan fi ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Nano kò ju ìka méjì lọ. Ẹ so wáyà ìròyìn mọ́ ẹsẹ̀ A0, kí ẹ fi kápásítọ̀ kékeré 0.1 microfarad sáàárín rẹ̀ àti ilẹ̀ kí nọ́ńbà má baà máa jó. Ojú tí yóò máa fi nọ́ńbà hàn, irú LCD oníwáyà mẹ́rin, ẹ so ó mọ́ A4 àti A5 àti iná rẹ̀. Bọ́tìnì kan yóò wà tí a ó fi máa pa nọ́ńbà sílíńdà tó kọjá rẹ́.

Iná rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má mú un lára bátìrì ọkọ̀ tí ẹ ń wọ̀n. Bí sítátà bá ń yí, bátìrì á rọ, iná á sì máa ṣẹ́. Páwà-báǹkì tí ẹ fi ń gba iná sí fóònù ti tó. Àmọ́ àwọn páwà-báǹkì kan wà tó máa ń pa ara wọn bí ohun tí à ń fà lára wọn bá kéré jù, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó lọ sí iwájú oníbàárà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Arduino náà máa ń pín fóòtì 5 sí nọ́ńbà láti 0 dé 1023. Fóòtì 0.5 bọ́ sórí 102, fóòtì 4.5 bọ́ sórí 921. Ẹ yọ 102 kúrò nínú ohun tó bá kà, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà 300, kí ẹ fi 819 pín in. Bó bá ka 512, ẹ yọ 102, ó ku 410. Ọ̀nà 300 jẹ́ 123,000. Ẹ fi 819 pín in, ó jẹ́ 150 PSI àti díẹ̀. Kí ọmọ wa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sọ fún un pé kó máa kà lemọ́lemọ́, àti pé nígbàkígbà tí nọ́ńbà bá fò sókè tó sì dúró, kó kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi fífún kan. Ara rẹ̀ yá tó. Bí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì ní ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú kan, sílíńdà kan ò lè fún ju ìgbà 100 lọ, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kọ̀ǹpútà yìí lè kà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín àkókò yẹn.

Ká tó gbà á gbọ́, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Iṣẹ́ kejì fáàfù tó kọjú síta nìyí. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i bí ẹni ń fẹ́ táyà. Fáàfù tó wà lẹ́nu kò ní jẹ́ kó jò jáde. Ẹ dá a dúró ní 30, ní 60, ní 90, kí ẹ fi géèjì táyà tó dára wé e ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Géèjì méjì ló dára jù, torí pé ti ẹlòmíì ti jábọ́ nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bí tiwa bá fi 2 tàbí 3 yàtọ̀, kò burú. Bó bá fi 15 yàtọ̀, iṣẹ́ kò tíì parí. Kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún: bí nọ́ńbà bá ń wálẹ̀, ibì kan ń jò.

Ó wá ku wíwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má gbóná janjan, nítorí pé yíyọ púlọ́ọ̀gì lára tọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù tó gbóná lè ba ẹyẹ jẹ́. Ẹ já ìsopọ̀ kọ́ìlì àti ti ínjẹ́tọ̀ tàbí páńpù epo. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Epo lè máa tú jáde lójú ihò púlọ́ọ̀gì, bí wáyà púlọ́ọ̀gì kan bá ta iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ àti ènìyàn ló máa jóná. Iná kọ́ìlì náà sì lè pa kọ̀ǹpútà kékeré yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, kì í ṣe ọ̀kan. Kí bátìrì kún. Kí ẹnì kan tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá kí afẹ́fẹ́ lè wọlé dáadáa. Ẹ ta sítátà títí yóò fi fún un ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí iye náà sì jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo sílíńdà.

Kí ni nọ́ńbà rere? Ìwé ẹni tó ṣe ọkọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí ara rẹ̀ le máa ń wà láàárín 120 àti 180. Èkó wà létí òkun, nítorí náà nọ́ńbà ìwé bá wa mu. Ẹni tó bá wọ̀n ní Jọ́ọ̀sì, níbi tí ilẹ̀ ti ga tí afẹ́fẹ́ sì fúyẹ́, yóò rí nọ́ńbà tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹ́ńjìnnì kan náà. Ohun tó ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà kan lọ ni ìfiwéra. Èyí tó kéré jù kò gbọdọ̀ dín ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó ga jù. Ká ní a rí 165, 160, 110 àti 158. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 165 jẹ́ bíi 124. Sílíńdà kẹta ti kùnà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ló ń ṣe é? Ẹ wo bó ṣe gòkè. Sílíńdà tó dára lè gùn báyìí: 95, 135, 155, 162, 165. Bí ríìngì bá ti jẹ, yóò kéré lákọ̀ọ́kọ́, yóò sì máa rákòrò lọ sókè: 40, 62, 80, 95, 104, 110. Bí fáàfù ni kò bá pa dé, yóò kéré lákọ̀ọ́kọ́, kò sì ní fẹ́ gbéra: 50, 64, 68, 69, 69. Lẹ́yìn èyí, ẹ bu ọ́ìlì ṣíbí ìpò-tíì kan sínú sílíńdà tó kéré, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá fò sókè, ríìngì tàbí ara sílíńdà ló jẹ, nítorí pé ọ́ìlì ti bá wọn dí ojú tó ń jò. Bí kò bá mira, ẹ kọjú sí fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí sílíńdà méjì tó fara kanra bá kéré pa pọ̀, ẹ fura sí gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín wọn. Àwọn àgbà wa tó wa dánfó Volkswagen láyé ọjọ́un á rántí pé sílíńdà tirẹ̀ sùn sí ẹ̀gbẹ́ ni. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì kì í tàn yí ríìngì ká dáadáa, ẹ má gbára lé ìdánwò ọ́ìlì lórí rẹ̀.

Ẹ ò wá rí i pé owó méjì ni? Títún fáàfù àti gásíkẹ́ẹ̀tì ṣe, orí ẹ́ńjìnnì nìkan la ó ṣí. Ríìngì ń béèrè pé ká tú u délẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kó yá owó fún títú délẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé fáàfù ló ń ṣe é, ti san owó lórí ohun tí kò nílò, àwọn onídùúró rẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i.

Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní àrékérekè tirẹ̀. Bí ẹ bá lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣín (ẹ má ṣì í mú fún Ladi-Lak tiwa o), ilẹ̀ ni ẹ ó ti bá ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ ní láti gbé sítátà àti bátìrì lọ, kí ẹ sì bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀ ṣáájú kí ó gbà kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ́ńjìnnì tó tutù yóò fi nọ́ńbà kékeré hàn, nítorí náà ìfiwéra láàárín sílíńdà ni kí ẹ mú. Bí nọ́ńbà bá wá ga jù, tó rẹwà jù, ẹ má tètè yọ̀. Ẹnì kan lè ti da ọ́ìlì tó ki sínú sílíńdà kí ẹ tó dé, ẹ sì ti rí ohun tí ọ́ìlì ń ṣe. Kí ẹ tó so géèjì mọ́ ọn, ẹ fi aṣọ bo ojú ihò, kí ẹ yí i fún ìgbà díẹ̀ láìsí púlọ́ọ̀gì. Ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ yóò fọ́n sára aṣọ yín.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ onígbésẹ̀ mẹ́rin ní irin kékeré kan nínú tó ń ṣí fáàfù díẹ̀ nígbà tí a bá ń fa okùn, kí ọwọ́ wa má baà ro. Nọ́ńbà rẹ̀ yóò kéré gan-an nígbà náà, kì í sì í ṣe àìsàn. Kékeré olómi ọ́ìlì-àti-epo tí wọ́n sọ lórúkọ "I better pass my neighbour" kò ní irin bẹ́ẹ̀, ẹ lè wọ̀n ọ́n. Ní ti kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí orúkọ ọ̀gágun Buba Marwa tó ṣàkóso Èkó láti 1996 sí 1999 mọ́ lára, sílíńdà kan ṣoṣo ló ní, kò sí ẹgbẹ́ tí a ó fi wé e. Ìwé ni a ó fi wé e. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó wà ní tuntun tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nọ́ńbà tó ń rọra wálẹ̀ á sọ fún yín kí ọ̀nà tó sọ fún yín.

Ẹ̀yin atẹ̀wé tí jẹnẹrétọ̀ yín ń lo dísù, a bẹ̀ yín, ẹ má fi géèjì yìí kan ẹ́ńjìnnì yín. Dísù kò ní púlọ́ọ̀gì oníná. Fífún afẹ́fẹ́ gan-an ló ń dá iná sí epo rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì lè wà láàárín 300 àti 500. Sẹ́ńsọ̀ 300 lè bẹ́ síni lójú. Tiyín yóò ní ẹnu mìíràn, họ́ọ̀sì mìíràn, àti sẹ́ńsọ̀ tó lè gba 1,000.

Kí ẹ sì mọ ohun tí kò lè ṣe. Kò lè sọ bóyá bíárìn kíránkì ti jẹ tàbí bóyá ẹ́ńjìnnì náà fẹ́ nọ́ọ̀kì. Kò lè sọ bóyá bílọ́ọ̀kù ti là níbi tí omi ń gbà. Etí mẹkáníìkì ṣì níṣẹ́ tirẹ̀.

Àbá tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ fẹ́ gbé síwájú ìpàdé gbogbogbòò nìyí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń béèrè owó láti ra ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tàbí láti tú u délẹ̀, kí ó fi ìwé wíwọ̀n mọ́ fọ́ọ̀mù rẹ̀: nọ́ńbà sílíńdà kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe gòkè, àti èyí tí a rí lẹ́yìn ọ́ìlì. Kí àwọn onídùúró méjèèjì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n, nítorí ọrùn wọn ni gbèsè ń kọ́ bí ọ̀rọ̀ bá dàrú. Lẹ́yìn àtúnṣe, kí a tún un wọ̀n kí akápò tó san èyí tó kù fún mẹkáníìkì. A mọ̀ pé àwọn ọ̀gá kan lè bínú pé a kò fọkàn tán àwọn. Ojú tiwa ni pé ọ̀gá tó mọṣẹ́ ni yóò jèrè jù níbẹ̀, nítorí pé ìwé wíwọ̀n lẹ́yìn iṣẹ́ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀ bí oníbàárà bá wá ń ṣàròyé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀, kó rí akọ̀wé ní ọjọ́ ìdáwó. A nílò tọ́nà kan, ẹnì kan tó mọ sọ́dà jó, àti ẹnì kan tó lè kọ ètò kọ̀ǹpútà. Kí onímọ́tò àti oníkẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan mú púlọ́ọ̀gì àlòkù kan tó jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gan-an wá, kó sì so bébà mọ́ ọn tó sọ irú ọkọ̀ tó ti wá.